Ẹ Má Bọ́ Bàbá Mọ́

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú àìsùn, ẹ kú àmúmọ́ra. Mo mọ̀ pé etí yín kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ inú fóònù dáadáa mọ́. Bí mo bá ń sọ pé "Bàbá", ẹ̀yin á ní "Bàtà wo?" Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Bọ̀dá sọ fún mi pé wọ́n ti dá Bàbá sílẹ̀ ní ọsibítù, pé apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àrùn rọpárọsẹ̀ náà mú, pé ohùn wọn kò sì tíì padà. Mo sunkún díẹ̀ nínú ilé ìtọ̀ ibi iṣẹ́ wa, mo bọ́jú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Màmá, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí lókè òkun kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀yin ń ṣe nílé báyìí. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni. Àwa olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì là ń wẹ̀ fún wọn, là ń wọṣọ fún wọn, là ń gbé wọn sórí àga. Lóṣù tó kọjá, nọ́ọ̀sì àgbà wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní àwọn àgbà tó ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọlé wá sọ́dọ̀ wa kì í pẹ́ di ẹni à ń gbé. Kì í ṣe pé àìsàn wọn ń le sí i. Àwa là ń ṣe gbogbo nǹkan fún wọn títí ara wọn fi ń gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní kí n rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, kí wọ́n máa jẹ́ kí àgbà ṣe ìwọ̀nba tó bá lè ṣe. Èmi tí n ò tíì lo ọdún mẹ́ta níbí, èmi ni kí n máa kọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: ẹ má bọ́ Bàbá mọ́. Ìgbà tí àrùn náà ṣì tuntun báyìí ló yẹ ká tètè bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń pè mí, àkókò ìsinmi mi ti tán. Màá ṣàlàyé ìyókù nígbà mìíràn.

Ẹ bá mi kí Bàbá dáadáa.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. A wà láàyè.

Inú mi dùn nígbà tó dé, ni mo bá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè sí wọn létí. N ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ìgbà tí mo fi máa mọ̀, mo ti kà á jáde lẹ́nu: "Ẹ má bọ́ Bàbá mọ́." Mo bọ́ dígí ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó, bóyá ojú mi ló ń tàn mí. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá rẹ ti kọjú sí ògiri.

Ṣé kí ebi pa wọ́n ni? Ẹni tó fi iṣẹ́ káfíńtà rán ọ níwèé, tí kì í jẹun títí tí àwo tìrẹ yóò fi ṣófo? Kí ni wọ́n ń fi kọ́ yín lọ́hùn-ún, tí wọ́n á gbà yín síṣẹ́ pé kí ẹ tọ́jú àgbà, tí ẹ ó wá ní kí àgbà lọ tọ́jú ara rẹ̀?

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe tèmi fún ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti dìde. Mo ń gbé wọn jókòó, mo ń fọ eyín fún wọn, mo ń nu ara wọn, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn, mo ń mú ife sí wọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé láti ọsibítù, bàbá rẹ kò tíì fọwọ́ gbé ohun tó wúwo ju ìrọ̀rí lọ. Àwọn tó ń wá kí wa ń sọ ọ́ pé ìyàwó bí irú èyí ṣọ̀wọ́n.

Bí o bá fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, fi àga onítáyà ránṣẹ́. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú fún mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, mo sì ti jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe kí ẹ fi oúnjẹ du Bàbá. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí ẹ fi ṣíbí sí wọn lọ́wọ́, kódà kó jẹ́ ọwọ́ òsì, kí ẹ fi ọwọ́ tiyín gbé ìgúnpá wọn, kí wọ́n máa gbé e lọ sẹ́nu fúnra wọn. Tó bá dà, kó dà. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún Bàbá, mo bẹ̀ yín. Pé wọ́n kọjú sí ògiri yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà tí mo ti kà á.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ bínú sí mi. Obìnrin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wa tí a ń pè ní Kíákíá. Ó lè wẹ̀ fún àgbà, kó wọṣọ fún un, kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí omi tó hó lórí iná. Mo kó wọn jọ, mo bá wọn sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo lẹ ìwé mọ́ ògiri. Kíákíá jẹ́ kí n parí, ó ní, "Èèyàn mẹ́sàn-án ni mo ní láàárọ̀. Tí mo bá dúró wo ẹnì kan kó máa bá aṣọ jà, ta ló máa bá mi wo mẹ́jọ tó kù? Tí àwọn ẹbí wọn bá sì wọlé, ọ̀lẹ ni wọ́n máa pè mí, wọn ò ní pe ìwọ."

Mo ronú sí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ru ẹrù dé ọrùn, a kì í tún wàásù lé e lórí. Mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà, mo ní kó jẹ́ kí á sún oúnjẹ àárọ̀ síwájú fún ìdajì wákàtí, kí olúkúlùkù wa sì yan àgbà kan ṣoṣo, ẹni tó bá wù ú, ká fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà. Kíákíá yan màmá kan tó ti ṣe tíṣà rí. Ó sọ ọ́ lójú mi pé òun yàn wọ́n torí wọn kò lè ṣe nǹkan kan, kí ó lè tètè hàn pé ọ̀rọ̀ mi kò lórí kò nídìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó fi kóòmù sí Tíṣà lọ́wọ́. Ó ká ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kí ó má baà já a gbà. Tíṣà ń yàrun, wọ́n ń sinmi, kóòmù ń bọ́, wọ́n ń mú un padà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n béèrè dígí, wọ́n wo ara wọn pẹ́, wọ́n ní, "Ẹni yìí, mo mọ̀ ọ́n." Màmá, Kíákíá sáré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n fi ẹnì kejì kún tòun. Wàásù mi kọ́ ló yí i lọ́kàn padà.

N kò tíì ní fi àga onítáyà ránṣẹ́. Ẹ má bínú. Ẹni tó bá tètè jókòó sínú rẹ̀ kì í tètè dìde. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́, kí Bàbá máa fọwọ́ dì í mú rìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dúró nídìí rẹ̀ lásán, kí ẹ wà lẹ́yìn wọn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ọ̀pá rẹ dé. Mo gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, òun ni mo ń sá tówẹ́ẹ̀lì lé. Ó dára fún ìyẹn.

Kí o má baà sọ pé n kò gbọ́ràn, mo gbìyànjú ọ̀rọ̀ ṣíbí rẹ. Mo fi í sí wọn lọ́wọ́ òsì bí o ṣe wí. Ó gbọ̀n títí, ó dà sí wọn láyà. Mo ní ká tún un ṣe, ó tún dà. Ìgbà tí mo máa wo ojú wọn, omijé ni mo rí. Ọdún mẹ́tàlélógójì tí mo ti wà nílé ọkọ, n kò rí omijé bàbá rẹ rí, kódà lọ́jọ́ tí a sin ìyá wọn. Mo gba ṣíbí náà, mo nù wọ́n lẹ́nu, mo bọ́ wọn tán. Mo sì búra pé ojú mi kò tún ní rí irú ẹ̀ mọ́.

Ìwọ wà níbi tí o wà, àwọn bàbá oníbàbá ni ò ń fi kọ́ṣẹ́. Èmi, ọkọ mi ni. Má kọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù keje

Màmá mi,

Èyí ni lẹ́tà kẹta tí mo kọ láì gba èsì. Bí mo bá pe Bọ̀dá, á ní "Kò séwu," ọ̀rọ̀ á sì pin síbẹ̀. Mo mọ ohùn ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún. Tó bá jẹ́ ìbínú ni, ẹ bínú sí mi nínú ìwé, kí n ṣáà rí ọwọ́ ìwé yín.

N kò ní gbà yín nímọ̀ràn mọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó wakọ̀ bọ́ọ̀sì fún ọdún pípẹ́. Awakọ̀ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ni mo yàn nígbà tí olúkúlùkù ń yan tirẹ̀. Nígbà tí mo gbà wọ́n, wọn kò lè dìde. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, wọ́n ń fi ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá dé ojú fèrèsé láràárọ̀ láti wo bí àwọn ọkọ̀ ṣe ń kọjá, wọ́n á máa bú àwọn tí kò mọ ọkọ̀ wà. Nọ́ọ̀sì àgbà a máa mú àlejò wá wò wọ́n. Mo ń yangàn.

Lẹ́yìn náà, àwọn méjì nínú wa ṣàìsàn lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo gbé Awakọ̀ sínú àga onítáyà, mo tì wọ́n lọ sójú fèrèsé. Ó yá kíá. Mo ní lọ́la ni a ó rìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kọkànlá tí iṣẹ́ rọ̀, mo ní ó yá, ẹ dìde. Orúnkún wọn yẹ̀. A tún gbìyànjú, ó tún yẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, "Má dààmú, ọmọ. Ìwọ náà níṣẹ́ lọ́wọ́."

Kíákíá wà níbẹ̀. Òun ló bá mi gbé wọn padà sínú àga. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Màmá, èmi tí mo ń kọ́ ogún èèyàn, mo fi ọjọ́ mẹ́wàá gba ẹsẹ̀ lára arúgbó torí pé mo ń kánjú. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn wọn. Mo wá rí i pé ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin nìkan nínú ilé, láìsí ẹni tó máa gbà á fún yín, kì í ṣe kékeré. Ẹ foríjì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ ni. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi kọ èyí, díẹ̀díẹ̀. Má fi ọwọ́ ìwé yìí rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ ní kí wọ́n má sọ fún ọ. Ó ń gbé mi kúrò ní balùwẹ̀ ní oṣù kẹfà, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kò lè dìde. Dókítà ní kó dùbúlẹ̀ pẹ́. Ojú ń tì í nítorí lẹ́tà rẹ tí ó dá lóhùn pẹ̀lú ìkanra.

Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnu mi kò ṣe é. Oúnjẹ tó dà kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Ó dà lẹ́ẹ̀mejì, mo ti mọ ohun tó fà á, mo fẹ́ yí bí mo ṣe di ṣíbí mú padà. Káfíńtà kì í gé pákó rẹ́gí lọ́jọ́ kìíní. Ìyá rẹ gba ṣíbí. N kò ní ohùn tí mo lè fi sọ pé kó dá a padà. Ìyẹn ni mo sunkún sí.

N kò bá a jà. Mo ń wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí kò bá rí nǹkan kan ṣe sí mi lára mọ́, kò ní sí ohun tó kù ju kó jókòó máa ṣọ́ bí mo ṣe ń lọ. Ni mo bá jẹ́ kó máa ṣe é.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kò sí ẹni tó máa fún un lómi. Mo rá dé ẹ̀yìnkùlé. Mo kó tówẹ́ẹ̀lì kúrò lórí ọ̀pá rẹ. Ó gbà mí ní gbogbo ọ̀sán. Nísinsìnyí mo ń lọ sí ilé ìdáná, mo ń bọ̀. Omi máa ń dànù nínú ife, ṣùgbọ́n ó máa ń kù díẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo gbé lẹ́tà Bàbá lọ síbi iṣẹ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, n kò lè parí rẹ̀. Kíákíá gbà á lọ́wọ́ mi. Kò gbọ́ èdè wa, àmọ́ ó ń fi ìka tọ ipa bírò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ọwọ́ òsì nìyí?" Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ kú iṣẹ́.

Awakọ̀ kò tíì rìn padà. A ń gbìyànjú lójoojúmọ́. Mo rò pé wọ́n ń gbìyànjú nítorí tèmi ni.

Màmá, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín sí mi. Ẹ̀yìn yín ni kí ẹ gbájú mọ́. Mo ti gba ìsinmi oṣù kan ní ìparí ọdún. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n ní bí mo bá jáde kí wọ́n tó dá a padà, n kò ní lè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò ní pẹ́. Bàbá, ẹ dúró dè mí. Mo fẹ́ kí ẹ rìn wá ṣílẹ̀kùn fún mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Bọ̀dá rẹ ti pè ọ́, o ti gbọ́. Ó ní o ń ké, o ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò sí nílé, kò lè mọ̀. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló padà sí bàbá rẹ lẹ́nu. "Gbà." Mo ń dùbúlẹ̀, màá gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀pá yẹn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò, kò, kò, láti ilé ìdáná. Wọ́n so ife mọ́ ọn pẹ̀lú okùn, wọ́n fúnra wọn ló ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n á tú u, wọ́n á ní, "Gbà." Lọ́jọ́ kan gbogbo omi náà dà sí mi lára. Mo fẹ́ bínú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Ó tó ìgbà mélòó kan tí a ti jọ rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ wọn tí wọ́n ń bọ̀. Wọn kò tíì dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ní, "Gbà." Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣàwàdà. Mo ní, "Ọwọ́ mi ò gùn tó yẹn." Wọ́n tún ní, "Gbà." Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ̀pá tó ṣubú. Mo ń pè wọ́n, n kò lè sáré. Mo yí bọ́ sílẹ̀, mo rá dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbé orí wọn lé itan mi. Wọ́n ń wò mí. Kò pẹ́.

Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, pé bí wọ́n bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ náà ni yóò ti bá wọn. Àwọn aládùúgbò ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé mo sọ aláìsàn di ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi ò tiẹ̀ dá wọn lóhùn. Kì í ṣe ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí. Oṣù márùn-ún ni mo fi gba ṣíbí, mo gba ife, mo gba aṣọ lọ́wọ́ ọkọ mi. Kò pé mẹ́rin tí wọ́n fi gbà wọ́n padà. Ká ní ẹ̀yìn mi kò yọ ni, wọn ì bá kú láì gbé nǹkan kan lọ́wọ́, èmi ì bá sì máa sọ fún àwọn tó wá kí mi pé mo tọ́jú wọn dáadáa. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

A sin wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fi ọ̀pá yẹn rìn dé ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa fẹ́ kọ̀wé pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Má kọ ọ́. Kí èmi náà má sì kọ ọ́ sí ọ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ pé o kò sí níbí. Ìwé ti tó láàárín wa. Ọjọ́ tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé ìgbélùú rẹ, máa bọ̀, wá jókòó tì mí.

Ìyá rẹ.